Àgbò Ńkọ́?

Ariwo èkùrọ́ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé, kí n tó mọ orúkọ ara mi dáadáa. Nínú agboolé wa ní Pobè, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí wọn kì í pa èkùrọ́: òkúta kan nísàlẹ̀, òkúta kan lọ́wọ́, kọ̀, kọ̀, kọ̀, títí ojú ọ̀run yóò fi pọ́n. Àwa ọmọdé là ń pa á, àwọn ìyá wa ni wọ́n ń dín in di àdín, òórùn àdín náà sì ti wọ gbogbo aṣọ wa, débi pé bí a bá dé ilé-ìwé, mẹ̀tírì, olùkọ́ wa, yóò fọwọ́ bo imú, yóò ní kí àwọn ọmọ ilé àdín lọ jókòó sẹ́yìn. Kì í dùn wá rárá. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni fèrèsé wà, atẹ́gùn ibẹ̀ sì dára. Bàbá Àgbà, bàbá tó bí Jérémì, bàbá mi, ń ṣiṣẹ́ ní sításìọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀pẹ, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni láti máa tọ́ ọmọ ọ̀pẹ nínú ọ̀rá dúdú títí yóò fi tó gbìn sóko. Ọ̀pẹ ló ń bọ́ wa, òun là ń fi gbálẹ̀, òun là ń fi tanná, òun la sì fi ń wẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ òdì sí ọ̀pẹ lójú Bàbá Àgbà, bí ẹni pé ó bú ìyá rẹ̀ ni.

Ìyàwó Bàbá Àgbà là ń pè ní Ìyá Sakété, nítorí Sakété ni wọ́n ti gbé e wá. Ọmọ Mùsùlùmí ni, láti ilé àwọn tó ń ta gàrí àti àgbàdo, Sìkírátù sì ni wọ́n sọ ọ́. Ọjà ló pa òun àti Bàbá Àgbà pọ̀, nígbà tí Bàbá lọ ra gàrí tó sì padà dé láìrí gàrí rà, ọkàn rẹ̀ ti kúrò lórí gàrí. Àwọn àgbà ilé bàbá ọmọbìnrin náà fi í fún un, wọn ò bá a jà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ fà á sẹ́yìn ilé, ó ní, "Tẹ̀ lé ọkọ rẹ síbi tó bá ń lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣì wà láyé, má jẹ́ kí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ọ." Ìyá Sakété gbà. Ìyá náà sì pẹ́ láyé gan-an ni, kí Ọlọ́run má bínú sí mi bí mo ṣe wí i. Gbogbo ọdún tí ọmọ rẹ̀ fi bímọ, tó fi wo ọmọ-ọmọ, Ìyá Sakété ń bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, á jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, á kọrin ju ẹlòmíràn lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá di àkókò oúnjẹ Olúwa, á rọra dìde, á jáde lọ ṣọ́ bàtà àwọn ọmọdé. Mo rò nígbà náà pé iṣẹ́ tí ìjọ yàn fún un ni. Mo tilẹ̀ máa ń fi yangàn lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ìyá àgbà wa ni olórí àwọn tó ń ṣọ́ bàtà.

Òun àti Bàbá Àgbà, èkùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà. Nírọ̀lẹ́, bí a bá ti jẹ ẹ̀kọ tán, Bàbá á gbé awò rẹ̀ wọ̀, á ka Bíbélì, Ìyá á sì tún ohun tó kà sọ fún wa lọ́nà tirẹ̀. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí ó bá ti jẹ́ ìtàn ìwé àtijọ́, ti Májẹ̀mú Láéláé, ilé bàbá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, kó tó mọ Bàbá Àgbà rárá. Bàbá á pe Jósẹ́fù, Ìyá á pe Yésúfù. Bàbá á pe Jónà, Ìyá á pe Yúnúsà, ẹja náà á sì gbé e mì bákan náà. Èyí tí a fẹ́ràn jù ni ìtàn bàbá tó mú ọmọ rẹ̀ gun òkè. Ìyá á sọ bí ọmọ náà ṣe ru igi tí wọn yóò fi sun ún, tí kò mọ̀, á sọ bí bàbá ò ṣe lè wo ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwa náà á sì dáwọ́ èkùrọ́ dúró. Bí ó bá wá dé ibi tí bàbá gbé ọ̀bẹ sókè, gbogbo wa á gbé òkúta ọwọ́ wa sókè, a ò ní mí. Ìyá á jẹ́ kí ọwọ́ ro wá. Lẹ́yìn náà ni yóò pariwo pé, "Àgbò dé!" Gbogbo òkúta á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀ọ̀! Èkùrọ́ á fò káàkiri àgbàlá, a ó máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé àwa gan-an ni wọ́n tú sílẹ̀. Kò sí ilé mìíràn tí mo tún ti rí àṣà yẹn, mo sì ti wọ ilé púpọ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ìyá Ìyá Sakété kú ní Sakété. Wọ́n sin ín, wọ́n ṣàdúrà, Ìyá sunkún rẹ̀ tán, ó padà sí Pobè, ó sì sọ fún Bàbá Àgbà lójú gbogbo wa pé òun ti pa àdéhùn mọ́ dé òpin, òun fẹ́ ṣe ìrìbọmi lọ́jọ́ Àjíǹde tó ń bọ̀. Bàbá Àgbà, tí kì í sunkún, wọ inú yàrá lọ, ó pẹ́ kó tó jáde. Mo wá mọ̀ nísinsìnyí ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn ni wọ́n ti jọ ń sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ibi oúnjẹ Olúwa, tí ọ̀kan á wá dìde jáde. Bàbá ò bẹ̀ ẹ́ rí pé kó yẹ àdéhùn rẹ̀. Ó kàn ń dúró ni. Ohun kan ṣoṣo ló kù: ẹ̀gbọ́n Ìyá, Àlájì, tó di olórí ilé wọn ní Sakété, kò tí ì gbọ́. Bí inú rẹ̀ ò bá dùn sí i, ilẹ̀kùn ilé bàbá Ìyá lè tì. Ìyá fẹ́ omi náà, kò sì fẹ́ pàdánù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èyí ló ń lé oorun kúrò lójú rẹ̀.

Èmi ni mo wá dá kún wàhálà náà, láìmọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi àwọn ọmọdé, èmi Títí ni wọ́n yàn láti dìde sọ ìtàn Ábúráhámù lójú ìjọ. Mo wọ aṣọ mi tó dára jù, mo sì sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ nílé, pẹ̀lú ọwọ́, pẹ̀lú ojú, pẹ̀lú ohùn tó ń lọ sílẹ̀. Mo ní, "Bàbá fa Ísímáílà lọ́wọ́, wọ́n ń gun òkè." Ìjọ kùn. Mo rò pé wọ́n ń gbádùn rẹ̀ ni, mo bá tún gbé e sókè sí i: Ísímáílà ru igi, Ísímáílà dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo pariwo "Àgbò dé!", àwọn ọmọ ilé wa jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá arúgbó kan sì fò dìde níbi tó ti ń tòògbé. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Ìyá Sakété fi ìborùn bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni ó ń rín.

Katekísì ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìhà Igana ni, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìjọ wa lé lọ́wọ́, ó tinrín, ó ń bẹ̀rù Ọlọ́run gan-an, ó sì ń bẹ̀rù pásítọ̀ tó ń ti Àjàṣẹ́ wá náà. Ó wá sílé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. A fún un lómi, ó mu, a fún un ní ẹ̀kọ, ó ní òun ti jẹun.

"Ìyá," ló wí, "ẹ̀bi ọmọ kọ́. Ísáákì ló wà nínú Bíbélì."

"Mo mọ̀," ni Ìyá dáhùn. "Nílé bàbá mi, Ísímáílà ni. Nílé ọkọ mi, Ísáákì ni. Èmi ò bá Ísáákì jà o. Ohùn Títí ló ga jù."

Katekísì yíjú sí Bàbá Àgbà. "Bàbá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ yín ṣàlàyé fún. Ìwé àtijọ́ dà bí ọ̀rá tí ẹ fi ń tọ́ ọmọ ọ̀pẹ. Bí ọ̀pẹ bá ti dé oko, ẹ ó ya ọ̀rá, ẹ ó sọ ọ́ nù. Jésù ti dé. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé yìí, Ìhìnrere nìkan ló yẹ kó máa gbọ́ báyìí, kí ó má baà so tibí pọ̀ mọ́ ti Sakété. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò ní lè mú orúkọ Ìyá lọ bá pásítọ̀ fún ìrìbọmi."

Ìyá wo ilẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, Katekísì. Ẹ máa wá kọ́ mi." Bàbá Àgbà sìn ín dé ojú ọ̀nà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n dágbére. Ìgbà tó padà wọlé ló sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé, "Lóòótọ́ là ń ya ọ̀rá. Ṣùgbọ́n a kì í gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò." Ìyá ní kó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, òun ló kọ́ Títí, òun ni yóò gbọ́ ti Katekísì.

Báyìí ni a gbé ìtàn àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Katekísì ń wá nírọ̀lẹ́, lórí mọ́bílẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré rẹ̀ tó ń wúkọ́, àwa náà ń gbọ́ níbi tí a ti ń pa èkùrọ́. Mi ò ní purọ́, ó dùn náà. Ìyá fẹ́ràn Jésù láìfi àkókò ṣòfò. Nígbà tó gbọ́ ti ọkùnrin kúkurú tó gun igi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú, ó ní òun mọ ẹnìkan bẹ́ẹ̀ ní ọjà Sakété. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ò gòkè mọ́. Kò sẹ́ni tó pariwo. Àbúrò mi kékeré bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé wọ́n ti tú ọmọ orí òkè yẹn sílẹ̀ àbí ó ṣì wà níbẹ̀, nítorí Ìyá kò sọ ọ́ mọ́.

Ó wá di ìrọ̀lẹ́ tí Katekísì dé ibi ikú Jésù. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ sọ, bí ó bá gbàgbé ẹ̀rù pásítọ̀. Ó sọ bí Jésù ṣe gbàdúrà sí Bàbá rẹ̀ nínú ọgbà, ó sọ bí wọ́n ṣe gbé igi rù ú, tó ń gun òkè. Èkùrọ́ dákẹ́. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é, ṣùgbọ́n mo rí i pé gbogbo wa ti gbé òkúta sókè. Igi ni ó rù, òkè ni ó ń gùn, ọmọ ni, bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀: a mọ ìtàn yìí. Katekísì ń bá a lọ. Wọ́n kàn án mọ́ igi. A dúró. Ó kígbe pe Bàbá rẹ̀. A dúró, ọwọ́ ń ro wá. Katekísì ní, "Ó sì jọ̀wọ́ ẹ̀mí rẹ̀ lọ́wọ́," ó pa Bíbélì dé.

"Àgbò ńkọ́?" ni Ìyá Sakété wí.

Katekísì ò gbọ́ dáadáa. "Ẹ ní kí ni, Ìyá?"

"Àgbò. Ta ni wọ́n fi rọ́pò ọmọ náà?" Ó ti dìde dúró. "Bàbá rẹ̀ ń wò ó, àbí? Òun kan náà tó rán àgbò sí ọmọ ẹlòmíràn. Kò wá rí àgbò rán sí tirẹ̀?"

Mo rí ojú rẹ̀, omijé ti kún un. Ó ti gbọ́ nínú orin pé Jésù kú, gbogbo ayé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì sọ ọ́ fún un rí láti ìsàlẹ̀ òkè dé orí rẹ̀. Katekísì ṣí Bíbélì padà, kì í ṣe ibi tó pa á dé, ó ṣí i lọ́wọ́ iwájú pátápátá, inú ìwé àtijọ́ tó ní ká gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì tọ́ka sí ibi tí Ísáákì, lórí ìrìn, ti bi bàbá rẹ̀ pé wọ́n ti ní iná, wọ́n ti ní igi, ọ̀dọ́ àgùntàn dà? Lẹ́yìn náà ó ṣí Ìhìnrere, ó ka ibi tí Jòhánù ti na ọwọ́ sí Jésù létí odò, tó ní òun ni Ọ̀dọ́ Àgùntàn Ọlọ́run.

"Ìyá," ni Katekísì wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "ìbéèrè yín, ọmọ yẹn ló kọ́kọ́ bi í. Ìdáhùn rẹ̀ ló pẹ́ kó tó dé." Ó gbé Bíbélì lé itan. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ti òkè àkọ́kọ́. Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ."

Ìyá sọ ọ́. Ísáákì ló pè é. Nígbà tó pariwo "Àgbò dé!", Katekísì náà, tí kò ní òkúta lọ́wọ́, lu orí ìjókòó. Mo ti dàgbà ju Ìyá Sakété ìgbà yẹn lọ lónìí, mo sì ń gbọ́ àwọn oníwàásù inú fóònù tí wọ́n ń jà lórí ìwé àtijọ́ yẹn, ọ̀kan á ní ó ti kọjá, ọ̀kan á ní ìwé yẹn nìkan ló kù. N kì í dá sí i. Mo mọ̀ pé bí wọn ò bá tí ì sọ ti òkè àkọ́kọ́ fún ọ, o lè gun òkè kejì kí o má mọ ohun tó yẹ kí o béèrè.

Ó ku Àlájì. Ìyá mú mi dání, a wọ tasí láàárín àpò àgbàdo, a dé Sakété lọ́sàn-án gangan. Àlájì jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, gàrí funfun àti pupa ní òkìtì níwájú rẹ̀. Fòfó ni Ìyá ń pè é, bí àwọn Ègùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn. Ó bọ́ wa yó kó tó jẹ́ kí Ìyá sọ ohun tó bá wá. Ìyá kúnlẹ̀ sọ ọ́.

Àlájì yí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. "Ìyá wa ò tí ì pẹ́ nínú ilẹ̀, Sìkírà."

"Mo pa àdéhùn mọ́ títí ó fi lọ, Fòfó."

"Mo mọ̀. Ta ló ní o ò pa á mọ́?" Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀nà kan ò wọjà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Fòfó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan lẹsẹ̀ mi méjèèjì ń tọ̀."

Àlájì dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá, ó lọ kí ìrun àlásárì. Nígbà tó dé, kò wo Ìyá, èmi ló pè. Ó ní kí n sọ ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì nípa Ànábì Ísá, ìyẹn Jésù. Mo sọ gbogbo rẹ̀: igi, òkè, Bàbá rẹ̀ tó ń wò ó.

"Àgbò ò wá?"

"Kò wá, Bàbá. A dúró dúró."

Ó mi orí. "Lọ́dọ̀ tiwa, Ọlọ́run ò jẹ́ kí wọ́n pa á." Ó bojú wo ọjà. "Ẹ máa lọ, kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lọ́nà."

Kò sí ìgbà tí Ìyá ń ti Sakété bọ̀ tí Àlájì kì í di gàrí fún un. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ dí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ ò yá, yóò di gàrí. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ òfo la fi wọ tasí. A padà dé Pobè. Bàbá Àgbà pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọwọ́ wa.

"Kò fún mi ní gàrí," ni Ìyá wí.

"Ṣé o fẹ́ sún ìrìbọmi náà síwájú?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n ó dùn mí, bàbá Jérémì. Ó dùn mí gan-an ni."

Lọ́jọ́ Àjíǹde, Ìyá Sakété wọ aṣọ funfun, kò jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Pásítọ̀ bi í ní orúkọ tó fẹ́ jẹ́, ó ní Sárà. Wọ́n da omi sí i lórí. Àwa ọmọ tí a wà lẹ́yìn ń na ọrùn ni nǹkan bá ké lóde pé mẹ̀ẹ̀! Mo yọjú lójú fèrèsé. Lábẹ́ igi máńgòrò, Àlájì dúró nínú aṣọ ńlá funfun, ó di okùn àgbò kan mú, àgbò oníwo kíká, àpò gàrí sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹnu mi ti ya kí n tó mọ̀: "Àgbò dé!" Gbogbo ọmọ ilé wa jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ìsìn, pásítọ̀ ará Àjàṣẹ́ ta gìrì, Katekísì sì sorí kọ́ kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín lójú rẹ̀. Ìyá ò jáde wá wò. Oúnjẹ Olúwa ti kàn, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, wọ́n sì jọ jẹ ẹ́. Àwọn bàtà wa ò ní olùṣọ́ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìsìn ló tó lọ kúnlẹ̀ lábẹ́ igi, omi ṣì wà lórí rẹ̀.

"Wọ́n ní Sárà lo ń jẹ́ báyìí," ni Àlájì wí.

"Mo wá èyí tí ẹ mọ̀, Fòfó."

"Ìyàwó Ànábì Ìbúráhímù. Orúkọ gidi ni." Ó tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe. "Ọmọ yìí sọ fún mi pé àgbò ò wá lọ́jọ́ yẹn. Èmi ò gbà á bẹ́ẹ̀, o mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín, kì í ṣe ìṣojú mi ni àgbò ò ní dé fún àbúrò mi."

Kò pẹ́ púpọ̀, àwọn ọkùnrin ti gbé àgbò náà, a ti tẹ̀ lé e délé, igi ìdáná ti délẹ̀, àwa ọmọdé ti ń pín ẹran lọ́kàn wa. Àlájì ká apá aṣọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pa á, kí gbogbo wa lè jọ jẹ ẹ́. Ó gba ọ̀bẹ, ó gbé e sókè. Ìyá Sakété bá na ọwọ́, ó fi lé àgbò náà lórí.

"Ẹ má pa á, Fòfó."

"Kí ló dé? Àgbò ọdún ni."

"Ẹnìkan ti kú dípò rẹ̀."

Ọwọ́ Àlájì wà lókè. Ó wo àbúrò rẹ̀ pẹ́, ó wo Bàbá Àgbà, tó ń wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni pé ọjà Sakété ló tún ti ń rí i. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀bẹ kalẹ̀, ó sì ké sí èmi tí itọ́ ẹran ti kún ẹnu mi pé kí n lọ gbé àwo wá. Àjíǹde ọdún yẹn, gàrí la jẹ.